Ọ̀rọ̀ Tí Gunnvor Gé Dànù

Ogójì ọdún gbáko ni Gunnvor Sælemyr fi ṣiṣẹ́ ní ẹ̀ka orin ní láíbírì yunifásítì kan nílẹ̀ òyìnbó yìí, kò sì sí ẹni tó lè sọ pé òun bá àṣìṣe lọ́wọ́ rẹ̀ rí. Mi ò sọ pé kò ṣe àṣìṣe o. Mo ní kò sẹ́ni tó bá a lọ́wọ́ rẹ̀. Ìyàtọ̀ wà láàárín méjèèjì, ìyàtọ̀ yẹn ni mo sì fẹ́ sọ.

Obìnrin gíga ni, ó tín-ínrín, súwẹ́tà aláwọ̀ eérú kan náà ló máa ń wọ̀ láti oṣù kẹsàn-án títí di oṣù karùn-ún. Pẹ́ńsùlù ló fi ń kọ̀wé, kì í fọwọ́ kan bírò, nítorí yíǹkì tó bá ti wọnú ìwé kì í jáde mọ́. Tó bá di agogo mọ́kànlá àbọ̀, á tú búrẹ́dì rẹ̀ nínú bébà, ègé mẹ́ta, wàràkàsì pupa lórí méjì, ẹja lórí ẹ̀kẹta. Á jẹ ẹ́ tán, á ká bébà náà padà sínú báàgì, ó di ọ̀la. Ọkọ rẹ̀, Odd, tó ń wa ọkọ̀ ojú omi, ti kú láti ọdún mẹ́sàn-án. Wọn ò bímọ. Àwọn téèpù orin tó wà ní ìsàlẹ̀ ilé, tí wọ́n lé ní ẹgbẹ̀rún mẹ́fà, ló mọ̀ bí ẹni mọ ẹbí: ó mọ èyí tí ohùn rẹ̀ ń ta pàrà, ó mọ èyí tó ń lẹ̀ mọ́ra, ó mọ èyí tí wọ́n gbà sílẹ̀ nílé tí ajá ti ń gbó.

Orin fáyólìnì ló pọ̀ jù nínú wọn, fáyólìnì àwọn ará àfonífojì, tó ní okùn mẹ́rin lókè àti okùn mìíràn lábẹ́ tí ń dún fúnra wọn. Àwọn orin yẹn kò ní ẹni tó kọ wọ́n. Ọwọ́ ẹni tí wọ́n ti wá ni gbogbo ènìyàn ń bèèrè. Kí onífáyólìnì tó fi ọ̀pá kan okùn, á kọ́kọ́ sọ ọ́ pé, "Èyí, ọ̀dọ̀ lágbájá ni mo ti gbà á." Ẹni tí kò bá dárúkọ ẹni tó kọ́ ọ, olè ni wọ́n ń pè é. Nítorí náà, lórí káàdì kọ̀ọ̀kan ní láíbírì, ìlà kan wà tí wọ́n pè ní "Látọwọ́." Ìlà yẹn ni Gunnvor gbà pé Ọlọ́run fi òun ṣọ́.

Òfin kan ṣoṣo ló ní: "Ohun tí kò bá sí lórí téèpù, èmi ò ní kọ ọ́." Eivind Rong, ẹni àádọ́ta ọdún tó ń tọ́jú ẹ̀rọ téèpù ní ìsàlẹ̀ ilé, kì í fi ẹnikẹ́ni sílẹ̀ tó bá di yẹ̀yẹ́. Ó máa ń sọ pé lọ́jọ́ tí Odd kọ́kọ́ sọ fún Gunnvor pé òun nífẹ̀ẹ́ rẹ̀, ṣe ni Gunnvor bi í pé orí téèpù wo ló wà. Gunnvor kì í bínú sí i. Ìyìn ló kà á sí.

Oṣù kejì ọdún 2014, ó ku oṣù mẹ́rin péré kó fẹ̀yìntì, ni Brita Brekkhus wọlé tọ̀ ọ́ wá. Ẹni àádọ́rin ọdún ni Brita, àgùntàn ló ń sìn ní àfonífojì Skjeldalen, ọkọ̀ ojú omi kan àti bọ́ọ̀sì méjì ló wọ̀ kó tó dé. Bàbá rẹ̀ ni Sjur Brekkhus, àgbà onífáyólìnì tí láíbírì gba orin mọ́kàndínlógún sílẹ̀ lẹ́nu rẹ̀ àti lọ́wọ́ rẹ̀ ní 1974. Sjur ti di ẹni ilẹ̀ tipẹ́. Brita jókòó, kò bọ́ kóòtù, ó tẹ́ bébà kan sórí tábìlì.

"Ìwọ ni Gunnvor?" Ní ilẹ̀ yìí, orúkọ ni tọmọdé tàgbà fi ń pe ara wọn, ẹ má pè é ní àìmọ̀wàáhù.

"Èmi ni."

"Ìwọ lo kọ èyí?"

Gunnvor wo bébà náà. Orí íńtánẹ́ẹ̀tì láíbírì ni wọ́n ti tẹ̀ ẹ́. Orin kẹrìnlá. Ẹni tó ta á: Sjur Brekkhus. Látọwọ́: Lars Brekkhus, bàbá rẹ̀.

"Èmi ni mo kọ ọ́."

"Irọ́ ni."

Irú ọ̀rọ̀ yẹn kì í wáyé ní láíbírì. Akẹ́kọ̀ọ́ kan tó jókòó lójú fèrèsé gbé orí sókè, ó sì tún tẹ̀ ẹ́ ba kíákíá. Gunnvor bọ́ awò ojú rẹ̀, ó nù ún, ó tún fi í sójú.

"Orin yẹn kì í ṣe ti Lars," Brita ní. "Ìyá Lars ló ni ín. Ambjørg. Mo wà nínú yàrá lọ́jọ́ tí ọkùnrin tí láíbírì yín rán gbé ẹ̀rọ wá, èmi ni mo gbé kọfí fún un. Farmor ni bàbá mi pè. Etí mi méjèèjì yìí ni mo fi gbọ́ ọ."

Ẹ jẹ́ kí n là á yé yín. Far ni bàbá lédè wọn, mor ni ìyá. Tí a bá so méjèèjì pọ̀, tó di farmor, ìyá tó bí bàbá ẹni nìyẹn. Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ni, kò sí àlàfo láàárín rẹ̀.

Gunnvor ò jiyàn. Ó wá orin náà jáde lórí kọ̀ǹpútà, ó fi nǹkan ìgbóhùn sí Brita létí, ó fi òmíràn sí tirẹ̀. Ohùn àgbà jáde: "Èyí, ọ̀dọ̀ far ni mo ti gbà á." Fáyólìnì bẹ̀rẹ̀ lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Ó ti tó ogún ọdún tí Brita ti gbọ́ ohùn bàbá rẹ̀ gbẹ̀yìn, ojú rẹ̀ sì kọ́kọ́ rọ̀. Lẹ́yìn náà ló le.

"Wọ́n ti yọ nǹkan kúrò níbẹ̀."

"Kò sẹ́ni tó yọ nǹkan. Ohun tó wà lórí téèpù nìyẹn."

"Àbí ṣe ni bàbá mi sọ ọ̀rọ̀ dé ìdajì tí wọ́n gbé ìyókù mì?"

"Brita, mi ò lè kọ ohun tí mi ò gbọ́."

"Èmi gbọ́ ọ."

"Ìwọ kọ́ ni téèpù."

Brita ká bébà rẹ̀ padà. Nígbà tó máa tún sọ̀rọ̀, ohùn rẹ̀ ti wálẹ̀. Ó ní ọmọ ọmọ òun, Ingunn, fẹ́ ta orin náà níbi ìdíje ní oṣù kẹfà, inú ìwé láíbírì sì ni àwọn tó ń kéde ti máa ń kà á. "Wọ́n á dìde níwájú gbogbo Skjeldalen, wọ́n á ní látọwọ́ Lars. Lars ti ní orin mẹ́tàdínlógún mìíràn. Ó ní àmì ẹ̀yẹ, fọ́tò rẹ̀ ń bẹ nínú gbọ̀ngàn ìlú. Ambjørg ò ní fọ́tò. Àwọn oníwàásù ti ní ti èṣù ni fáyólìnì, àgàgà lọ́wọ́ obìnrin, inú abà ló ti ń ta á ní gbogbo ayé rẹ̀. Orin kan yẹn nìkan ló kù tó jẹ́ tirẹ̀. Lars gan-an ò lè ta á dé ìdajì, ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ le bí igi ọgbà. Tí èmi bá sì kú, kò sí ẹni tó gbọ́ ọ mọ́."

"Màá wò ó," Gunnvor ní.

"Wò ó dáadáa."

Gunnvor fi kọfí lọ̀ ọ́, Brita ní òun ò mu. Ní ilẹ̀ yìí, ẹni tó bá kọ kọfí, inú ti bí i dé góńgó nìyẹn.

Inú bí Gunnvor náà. Ogójì ọdún, kí ẹnì kan wá jókòó síwájú rẹ̀ kó ní irọ́ ni. Nítorí pé inú ń bí i ló ṣe sọ̀kalẹ̀ lọ sọ́dọ̀ Eivind, kó lè rí téèpù gan-an fojú ara rẹ̀, kó sì fi lẹ́tà tó gún régé pa Brita lẹ́nu mọ́. Ó bọ́ sí àkókò tí wọ́n ń tún àwọn téèpù ọdún 1974 gbà sórí kọ̀ǹpútà, torí èyí tí wọ́n kọ́kọ́ gbà kò dára tó. Àwọn téèpù náà ti ń lẹ̀ mọ́ra wọn. Ṣe ni Eivind ń kó wọn sínú àpótí oníná kan, á fi ooru díẹ̀díẹ̀ yan wọ́n fún wákàtí mẹ́jọ kí ẹ̀rọ tó lè yí wọn.

"Ti Sjur ńkọ́?" Gunnvor bi í.

"Ó wà nínú ààrò. Lọ́la ló máa jinná."

Lọ́jọ́ kejì, ó dúró lẹ́yìn Eivind bí róòlù náà ti ń yí. Orin kẹtàlá parí. Nǹkan funfun kékeré kan kọjá lórí téèpù, Eivind sì tẹ ẹ̀rọ dúró.

"Àlẹ̀mọ́ nìyí. Ẹnì kan ti gé ibí, ó sì so ó padà." Ó fi ìka gbé e sókè síbi iná. "Ọ̀gá ni ẹni náà o. Wo bó ṣe gé igun àlẹ̀mọ́ yìí kó má bàa ká sókè. Ta ló ń ní irú sùúrù bẹ́ẹ̀?"

Gunnvor mọ ẹni tó ń ní irú sùúrù bẹ́ẹ̀. Òun nìkan ló máa ń gé igun àlẹ̀mọ́ ní gbogbo ilé yẹn.

Ní 1974, ẹni ọdún mẹ́tàdínlọ́gbọ̀n ni, ó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé ẹnu iṣẹ́ ni. Téèpù wọ́n nígbà náà, ọ̀gá ẹ̀ka orin ayé ọjọ́un sì pàṣẹ fún un pé: "Orúkọ orin àti ẹni tó ti wá, fi wọ́n sílẹ̀. Ìyókù, ikọ́, ife kọfí, ìtàn àwọn arúgbó, gé e dànù." Gunnvor mọ̀ ọ́n gé. Á fi bíléèdì dá téèpù náà ní ìdàgẹ̀rẹ̀, á fi àlẹ̀mọ́ funfun so ó, o ò ní mọ̀ pé nǹkan wà níbẹ̀ rí. Ọdún mẹ́ta ló fi ṣe é kí òfin tó yí padà. Èyí tó bá gé, inú agbọ̀n ìdọ̀tí ló ń lọ. Ṣé ó ti gbàgbé ni? Kò gbàgbé. Kò kà á sí nǹkan kan ni, títí di àárọ̀ ọjọ́ yẹn.

"Mú un falẹ̀," ló wí fún Eivind.

Eivind mú un falẹ̀ títí ohùn Sjur fi di ti màlúù. Faaar. Lẹ́yìn náà, kí fáyólìnì tó wọlé, ètè àgbà náà pàdé. Mmm. Kò ju bẹ́ẹ̀ lọ.

"O gbọ́ ọ?" Eivind yíjú sí i. "Mor ló fẹ́ sọ. Farmor nìyẹn. Obìnrin náà ò parọ́."

Gunnvor wá àga, ó jókòó. "Tàbí far min," ló wí.

Eivind họ orí. Far min, bàbá mi nìyẹn, àwọn ará àfonífojì sì máa ń pè é bẹ́ẹ̀ náà. Farmor, far min: mmm kan náà ló wà lẹ́nu ọ̀nà méjèèjì. Wọ́n gbọ́ ọ nígbà mẹ́sàn-án, wọ́n mú un falẹ̀, wọ́n mú un yára, mmm ni mmm ń jẹ́. Téèpù ti sọ gbogbo ohun tó mọ̀.

"Fi í sílẹ̀ bó ṣe wà, jàre," Eivind ní. "Oṣù mélòó ló kù fún ọ? Kò sẹ́ni tó máa mọ̀." Àánú rẹ̀ ló ṣe é tó fi sọ bẹ́ẹ̀.

Gunnvor gòkè padà sídìí tábìlì rẹ̀. Agogo mọ́kànlá àbọ̀ lù, kò tú búrẹ́dì rẹ̀. Ojú ń tì í, ó sì tún ń bínú sí Brita pé kí ló dé tí kò jókòó ti àgùntàn rẹ̀ fún oṣù mẹ́rin péré. Bẹ́ẹ̀ ni ọkàn ènìyàn rí, ẹ má jẹ́ ká tan ara wa. Ṣùgbọ́n ọwọ́ ara ẹni la fi ń tún ìwà ara ẹni ṣe. Ní ọjọ́ Sátidé, ó wọ ọkọ̀ ojú omi lọ sí Skjeldalen.

Brita ń fi bọ́tà pa léfsè, búrẹ́dì pẹlẹbẹ ilẹ̀ wọn, nínú kíṣìnì nígbà tó wọlé. Kò béèrè ohun tó gbé e wá. Ó fi ọwọ́ júwe àga fún un.

"Èmi ni mo gé e," Gunnvor ní. Kò tíì bọ́ ìbọ̀wọ́.

"O gé kí ni?"

"Ọ̀rọ̀ bàbá rẹ. Ní 1974. Wọ́n ní kí n máa gé e, mo sì ń gé e."

Brita gbé ọ̀bẹ sílẹ̀. "Àwọn tó o gé dà?"

"Mo dà wọ́n nù."

Brita rẹ́rìn-ín, kì í sì í ṣe ẹ̀rín ayọ̀. "Ó mà ṣe o. Ọdún mẹ́rìndínlógójì ni Ambjørg fi fáyólìnì pamọ́ sábẹ́ koríko, àwọn oníwàásù ò rí i. Ó kú tán, o wá bá a níbi tó sá sí, o fi bíléèdì gé e." Ó da kọfí sínú ife kan, ó tì í síwájú Gunnvor. "Mu ún. Òtútù ti mú ọ."

Gunnvor mu ún. Ó sọ bí mmm ṣe ṣẹ́ kù, pé ó lè jẹ́ farmor, ó lè jẹ́ far min, pé téèpù ò lè là á fún òun. Lẹ́yìn náà ló mú pẹ́ńsùlù jáde. Láti ogójì ọdún tó ti ń kọ káàdì, kò tíì bi ẹlẹ́ran ara kankan ní irú ìbéèrè yìí rí.

"Kí ni bàbá rẹ sọ lọ́jọ́ náà? Láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin."

"Wọ́n ní, 'Èyí, ọ̀dọ̀ farmor ni mo ti gbà á.' Bí wọ́n ṣe ń sọ ọ́ ni wọ́n ń fa ọ̀pá lórí okùn láti gbọ́ bó ṣe ń dún, ìyẹn ló jẹ́ kí ọ̀rọ̀ náà gùn, faaar, mor. Wọ́n wá ní, 'Inú abà ló ti máa ń ta á, èmi á jókòó sórí garawa, á ní kí n má mí.' Ibẹ̀ ni ṣíbí ti bọ́ lọ́wọ́ mi. Ọkùnrin yín ní kí wọ́n jọ̀ọ́ kí wọ́n bẹ̀rẹ̀."

Gunnvor kọ gbogbo rẹ̀. Lẹ́yìn náà ló gbé ojú sókè. "Faaar, mor," ló tún un pè, díẹ̀díẹ̀. "Mo rò pé ó ti parí sí far ni. Mo rò pé ìtàn ìyá rẹ̀ ló tún fẹ́ bẹ̀rẹ̀, mo sì gé ìtàn náà."

"Ará ìlú ńlá ni ẹ́. Àléébù yín nìyẹn, ẹ kì í jẹ́ kí èèyàn sọ̀rọ̀ tán."

"Tó bá jẹ́ ìwọ lo ń parọ́ ńkọ́?" Kì í ṣe ìjà ló fi béèrè. Ó fẹ́ mọ̀ ni.

Brita wò ó títí. "Tí mo bá ń parọ́, irọ́ tèmi á wà lórí káàdì yín dípò irọ́ tìẹ. Èwo lo fẹ́?"

Ní ọjọ́ Mọ́ńdè, Gunnvor ṣí orin kẹrìnlá lórí kọ̀ǹpútà. Ó pa Lars rẹ́. Ó kọ ọ́ pé: *Látọwọ́ Ambjørg Brekkhus, ìyá bàbá Sjur, gẹ́gẹ́ bí Brita ọmọ Sjur, tó wà níbẹ̀, ṣe sọ. Ọ̀rọ̀ Sjur kò pé lórí téèpù. Èmi ni mo gé e ní 1974. Gunnvor Sælemyr.*

Ọ̀gá ẹ̀ka, obìnrin tó fi ọgbọ̀n ọdún kéré sí i, wá dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ tábìlì rẹ̀ ní ọ̀sán. "Gunnvor, a kì í kọ orúkọ ara wa síbẹ̀ yẹn. Ṣé o ò lè kọ ọ́ pé téèpù bàjẹ́ díẹ̀?"

"Téèpù ò bàjẹ́. Ọwọ́ mi ni."

"Kò sẹ́ni tó ní kó o ṣe èyí fún ara rẹ."

"Mo mọ̀."

Ọ̀gá rìn lọ, kò sì pa á rẹ́.

Ní oṣù kẹfà, ní gbọ̀ngàn Skjeldalen, akéde dìde, ó ní Ingunn Brekkhus, látọwọ́ Ambjørg Brekkhus. Ingunn ta á, ó ṣe ipò kẹrin. Brita jókòó níwájú, ó tẹjú mọ́ bàtà rẹ̀ títí orin fi parí, ó nu ojú, ó sì lọ ra kọfí. Gunnvor ò sí níbẹ̀. Ọ̀sẹ̀ tó ṣáájú ni wọ́n gé àkàrà òyìnbó fún un, wọ́n fún un ní òdòdó, wọ́n gba kọ́kọ́rọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ní ọjọ́ Mọ́ńdè tó tẹ̀ lé e, ó padà wá gẹ́gẹ́ bí àlejò, ó sì sọ̀kalẹ̀ lọ bá Eivind.

Ó fẹ́ mọ iye àlẹ̀mọ́ tí wọ́n gé igun rẹ̀ lórí àwọn téèpù ọdún mẹ́ta yẹn. Ọ̀sẹ̀ márùn-ún ni wọ́n fi kà á. Ọ̀ọ́dúnrún ó lé mọ́kàndínlógún ni. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ àwọn ilé náà láago, láti àfonífojì kan dé èkejì: ṣé ẹnì kan ṣì wà tó jókòó nínú yàrá lọ́jọ́ tí wọ́n gba ohùn bàbá yín? Àwọn kan rò pé ọjà ló fẹ́ tà. Ọkùnrin kan ní Hovdegrend fi sùúrù tẹ́tí sí i títí ó fi sọ ọ́ tán. "Ìyá mi wà níbẹ̀," ló wí. "Ì bá wù wọ́n láti sọ ọ́ fún ọ. Àjíǹde tó kọjá la sin wọ́n."

Pẹ̀lú Brita, ẹni mọ́kànlá ló rí. Ó kọ ohun tí wọ́n sọ. Ó ku ọ̀ọ́dúnrún ó lé mẹ́jọ. Eivind ní òun lè fi kọ̀ǹpútà kọ ọ̀rọ̀ kan náà sí gbogbo wọn lẹ́ẹ̀kan náà, kò ní gbà ju ìṣẹ́jú kan lọ. Gunnvor ní rárá. Ó ṣí wọn lọ́kọ̀ọ̀kan lórí kọ̀ǹpútà Eivind, ó ń fetí sí orin kọ̀ọ̀kan títí dé ibi tó gé, ó sì ń kọ ọ́ síbẹ̀: *Ẹnì kan ń sọ̀rọ̀ níbí. Èmi ni mo gé e. Mi ò mọ ohun tó ń sọ. Gunnvor Sælemyr.*